Tòbí Ìyá Wa: Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí Ó Tún Jẹ́ Àpò Owó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè mú kí àwọn ọmọge kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, kí àwọn bàbá kan sì ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí i. Ọ̀rọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dijú. Àwọn àgbà wa ni wọ́n sọ pé bí kò sí aṣọ, bí kò sí ẹ̀wù, oríṣiríṣi ìdí ni à bá rí. Bí wọ́n ti sọ tiwọn láìtijú ni àwa náà yóò ṣe sọ tiwa, a óò sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, nítorí pé ohun tí ó wà lábẹ́ ìró àwọn ìyá wa ju aṣọ lọ. Owó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú Ìkòyí ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé, ni mo ń wí o. Ìkòyí ti ìhà Apòmù àti Ìkirè ni, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní agbègbè tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ gbà kọjá. Bí ẹ bá dé ọjà ní ìhà ibẹ̀ lónìí, ẹ óò rí kọ́mú àti pátá tí wọ́n so rọ̀ lójú gbogbo ayé, pupa, dúdú, funfun. Tuntun wà nínú ọ̀rá, òkìrìkà náà sì wà nílẹ̀ tí à ń bẹ̀rẹ̀ ṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè tòbí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí ń tajà náà wò yín lójú, kí ó ní, "Mà á, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn.

OHUN TÍ WỌ́N Ń RÓ SÍNÚ

Láyé àtijọ́, ọmọdé kékeré kì í sáà wọ aṣọ nínú ilé. Ọmọdébìnrin a máa sáré káàkiri agbo ilé, kìkì ìlẹ̀kẹ̀ ni yóò wà ní ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni obìnrin kọ́kọ́ ń mọ̀ kí ó tó mọ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní lágídígba dúdú minimini. Èèpo líle ara ekùrọ́ ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n sì ń yọ́ títí tí yóò fi máa dán. Jìgìdá náà wà, tí í máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí ọmọ bá ń rìn. Ìyá ni ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sanra, ìyá a tú u, a tún un sín. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọmọ bá wá ń di wúńdíá, ọ̀rọ̀ aṣọ dé. Yẹ̀rì wà, èyí tí a rán bí síkẹ́ẹ̀tì péńpé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí àwọn oníṣàngó lọ́jọ́ ọdún wọn yóò ti rí yẹ̀rì, nítorí pé àwọn ọkùnrin náà ń wọ tiwọn nínú ẹ̀sìn. Lẹ́yìn yẹ̀rì ni tòbí, èyí tí í ṣe ọ̀gá gbogbo wọn.

Aṣọ fífẹ̀ kan ni tòbí, tí a rán okùn mọ́ òkè rẹ̀. Obìnrin a fi yí ìbàdí ká, a so okùn náà le dáadáa, a sì wá ró ìró lé e lórí. Aṣọ òwú tí wọ́n hun nílé ni wọ́n ń fi rán an tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó ti lò pẹ́ díẹ̀ ni ó dára jù, nítorí pé kì í ta ni lára mọ́. Àwọn kan a pa á ní aró kí ìdọ̀tí má baà tètè hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí tòbí yàtọ̀ sí gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a ń rà lọ́jà lónìí ni pé ó ní àpò. Àpò náà kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́. Ó jìn, ó sì gba ọwọ́. Ibẹ̀ ni owó ọjà ń wọ̀, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà, ibẹ̀ ni ìyá ń fi obì àti àpò ìṣáná kékeré sí.

Ní ti àyà, kò sí kọ́mú. Obìnrin a gbé ìró rẹ̀ ga, a ró o mọ́ àyà, tàbí kí ó fi ọ̀já gbà á. Bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé, ìbàdí nìkan ni yóò ró aṣọ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó ṣe ohun ìtìjú.

ỌJÀ APÒMÙ ÀTI ÌṢÒRO OWÓ ẸYỌ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn mọ orúkọ Apòmù dáadáa. Ọjà àárín ìlú ni ọjà rẹ̀ láyé ọjọ́un: ará Ọ̀yọ́ ń wá, ará Ifẹ̀ ń wá, ará Òwu àti Ìjẹ̀bú ń wá. Alùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare lásán nínú ọjà yìí ṣe di ogun tí ó fọ́ ìlú Òwu. Ọjà tí ataare fi lè di ogun, ẹ mọ̀ pé owó ń yí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú owó wo ni? Owó ẹyọ ni. Ẹgbàá kan jẹ́ ẹyọ 2,000, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹyọ 20,000. Obìnrin tí ó bá ta ọjà tó ọ̀kẹ́ kan kò lè kó o sí ìbàdí. Alágbàrù ni yóò bá a rù ú. Nítorí náà, owó díẹ̀díẹ̀ ni tòbí ń gbà nígbà náà, èyí tí a ó fi ra iyọ̀ àti ata bí a bá ń darí lọ sílé. Owó ńlá wà nínú ìkòkò tàbí nínú àpótí.

Owó onírin ni ó gbé tòbí ga. Ní 1907, ìjọba òyìnbó gbé kọ́bọ̀ onihò jáde. Ní 1913, ṣílè tí a rọ fún àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tẹ̀ lé e. Ohun tí alágbàrù ń rù tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọwọ́ kan lè ká mọ́. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú tòbí. Ìyá oníṣòwò lè ti ibi kan lọ sí ibi kejì kí ó gbé gbogbo èrè ọjọ́ náà sí ìdí rẹ̀, kí olè má sì mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí owó náà ní láti tú ìró, kí ó tú okùn tòbí, kí ó tó fi ọwọ́ kan àpò. Bí obìnrin kò bá kú, ta ni yóò gbà fún un?

OWÓ TA NI?

Níbi yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Láàárín Yorùbá, owó tí aya bá fi òwò ara rẹ̀ rí, tirẹ̀ ni. Ọkọ a máa fún aya ní owó ìdókòwò, ó lè bá a kọ́ ìsọ̀, ṣùgbọ́n bí òwò náà bá gbèrú, ọkọ kì í ti ọwọ́ bọ tòbí aya. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ó ní oko ńláńlá àti ẹrú rẹpẹtẹ títí wọ́n fi pa á ní 1874. Ẹ wo Efúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tí ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ọkọ wo ni ó ni owó wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi èyí wé ti àwọn òyìnbó tí a gbà pé wọ́n wá là wá lójú. Ẹ ó yà á lẹ́nu pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ohun tí ó jọ tòbí rí. Ní bí ọdún 300 sí ìsinsìnyí, wọ́n ń fi okùn so àpò méjì mọ́ ìbàdí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń la ojú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì náà kí ọwọ́ lè ráàyè wọlé. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọdún 1800 pé, àṣà yí padà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í gba nǹkan mọ́ra lábẹ́ ni ó di oge. Àpò bá kúrò ní ìdí, ó di báàgì tín-ń-tín tí a ń fi ọwọ́ gbé.

Owó tí ó sì wà nínú àpò náà ńkọ́? Lábẹ́ òfin wọn nígbà náà, bí obìnrin bá ti lọ́kọ, owó rẹ̀ di ti ọkọ. Ní 1870 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí aya mú owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì di 1882 kí òfin tó gbà pé gbogbo ohun ìní rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìyá tí ń ta elùbọ́ nínú ọjà Yorùbá kò dúró de òfin ẹnikẹ́ni.

KỌ́SẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI SÍKẸ́Ẹ̀TÌ ONÍRIN

Bí àpò ti kúrò lábẹ́ aṣọ obìnrin òyìnbó, kí ni ó wá gba ipò rẹ̀? Ìyà ni. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe aṣọ líle kan tí ó di obìnrin láti àyà dé ìdí. Ohun tí ó dà bí egungun, tí ó wà lẹ́nu ẹja àbùùbùtán, ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kí ó má baà tẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n lo irin. Ẹlòmíràn ni yóò dúró lẹ́yìn obìnrin tí yóò máa fa okùn rẹ̀ títí ìbàdí yóò fi tín-ín-rín bí ti agbọ́n. Èémí kì í lọ geerege mọ́. Àwọn dókítà wàásù títí, ẹnu wọn bó.

Ní 1856, síkẹ́ẹ̀tì onírin dé. Irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n ká róbótó róbótó bí àkámọ́ àgbá, kékeré lókè, ńlá nísàlẹ̀, tí wọ́n wá so pọ̀ bí àgò adìẹ. Obìnrin a wọ̀ ọ́ sínú, aṣọ òkè a sì fẹ̀ débi pé kò lè bá ẹlòmíràn gba ẹnu ọ̀nà kan. Iná ni ọ̀tá aṣọ yìí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, 1863, iná sọ nínú ilé ìsìn kan ní ìlú Santiago, ní ilẹ̀ Chile. Ó lé ní 2,000 ènìyàn tí ó kú, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ wọn gbiná, ó sì há wọn mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ó dé orí ẹ̀mí, àwọn obìnrin òyìnbó fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ní 1881, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti tún ọ̀rọ̀ aṣọ obìnrin ṣe. Ẹgbẹ́ náà ní kí gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin, yàtọ̀ sí bàtà, má ṣe wúwo ju pọ́n-ùn 7 lọ. Ẹ̀yin ìyá wa, bí pọ́n-ùn 7 bá jẹ́ ìtura, ẹ fi ojú inú wo èyí tí wọ́n ń gbé kiri tẹ́lẹ̀.

Kọ́mú ni ó gba ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Phelps Jacob, mú áńkáṣíìfù méjì àti rìbọ́ọ̀nù, ó rán wọn pọ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá, 1914. Ilé-iṣẹ́ Warner, tí ń ṣe kọ́sẹ́ẹ̀tì, ra ẹ̀tọ́ náà ní 1,500 dọ́là. Ní 1940, ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù jáde fún títà káàkiri Amẹ́ríkà, náílọ́ọ̀nù náà kò sì pẹ́ kí ó tó di ohun tí wọ́n fi ń rán àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì ń tètè gbẹ. Àwa náà wo kọ́mú, a sì fún un ní orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an: ohun tí ń gbé ọmú kọ́.

BÍ Ó ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ọwọ́ ìyàwó àwọn ajíhìnrere àti ọwọ́ ilé-ìwé ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ òyìnbó gbà wọlé. Ní 1853, Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọ́n sì jókòó sí Kúdẹ̀tì títí di 1869. Ó gba ọmọ sílé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ní 1869 yìí kan náà ni ìjọ C.M.S. dá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó wá di ara St. Anne's ní Ìbàdàn ní 1950. Ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá ti ń kọ́ a, b, d, ni yóò máa kọ́ bí a ti ń rán ṣìmí àti pẹ́tíkóòtì. Ọmọ tí ó bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí dé ilé-ìwé lè gba ẹgba. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìyá fi ìfẹ́ sín fún ọmọ ṣe di ohun tí ọmọ ń fi pamọ́.

Ní Èkó, àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ń di kọ́sẹ́ẹ̀tì nínú ooru wa yìí! Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dùn mọ́. Àlùfáà Onítẹ̀bọmi tí ń jẹ́ David Vincent tẹ́lẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mọ́jọlá Agbébí ní 1894, ó sì gbé aṣọ òyìnbó tì, ó di aṣọ ilẹ̀ wa nìkan.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta. Olùkọ́ ni, ó sì ti kàwé ní ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kó àwọn obìnrin ọjà jọ láàárín ọdún 1940 sí 1949, ó pa gáùn tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí àwọn oníṣòwò lè mọ̀ pé ara wọn ni òun jẹ́. Kí ni ìjà náà dá lé? Owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni, àti àwọn tí ń fi agbára gba ọjà wọn. Ní kúkúrú, ìjọba ti ọwọ́ bọ tòbí ìyá wa, ìyá wa sì di ọwọ́ náà mú. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan.

OHUN TÍ A RÍ ÀTI OHUN TÍ Ó SỌNÙ

Mi ò ní kí á da kọ́mú àti pátá nù o. Ohun rere ni wọ́n. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n sì rọrùn fún obìnrin tí ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tí ń sáré wọkọ̀. Bí a bá sì wo ti kọ́sẹ́ẹ̀tì, a ó dúpẹ́ pé òpin rẹ̀ ni ó bá ọ̀pọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a so rọ̀ lọ́jà yẹn, èwo ni ó ní àpò? Owó obìnrin ti kúrò ní ìbàdí, ó ti bọ́ sí báàgì ọwọ́, báàgì ọwọ́ sì ni olè ń já. Àwọn ìyá ọjà mìíràn so àpò mọ́ iwájú lórí aṣọ, kí gbogbo ayé máa rí i bí ó ti ń wú. Òmíràn kó owó sínú kọ́mú, òógùn sì ń ba bébà náírà jẹ́. Òmíràn ní ọkọ òun ni ó ń bá òun tọ́jú owó. Bí ọjọ́ tí ó fẹ́ ra ọjà bá dé, a di ẹni tí ń kúnlẹ̀ tọrọ ohun tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan aṣọ mọ́. Obìnrin tí kò mọ ibi tí owó òun wà kò lè sọ pé òun ní òwò.

Ẹ̀YIN ÌYÁ, Ẹ RÁN TÒBÍ

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn oníṣòwò ni pé kí wọ́n rán tòbí. Kò le rárá. Ẹ mú aṣọ òwú tí kì í tètè ṣá. Yáàdì kan àbọ̀ yóò yí ìdí ọ̀pọ̀ obìnrin ká. Kí ó gùn láti ìbàdí dé òkè orúnkún. Ẹ ṣẹ́ etí òkè rẹ̀ po, kí ẹ sì ki okùn aṣọ tí ó gbópọn bọ inú rẹ̀. Rọ́bà lè já lójijì, okùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rán àpò méjì sí iwájú, kí wọ́n jìn tó ọwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́: ọ̀kan fún owó ọjà, ọ̀kan fún èrè. Kí ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀, nítorí ibi tí owó ọjà bá ti dà pọ̀ mọ́ èrè ni òwò ti ń kú. Ẹ fi bọ́tìnì tàbí síìpù sí ẹnu àpò, kí ẹ sì gba etí rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ ní méjì, kí ẹ lè máa pààrọ̀. Bí ẹ bá sì fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe tòbí ìbáà ṣe pátá, ẹ sá a sí oòrùn. Àwọn kan ń tijú, wọ́n ń sá a sínú yàrá níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ń fa ara yíyún. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ ta ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí tòbí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọn yóò rán ní sáà tí ń bọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá-ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń so ó, ohun tí wọ́n ń kó sínú àpò rẹ̀, àti ọjà tí wọ́n gbé e lọ. Ní Ìkòyí, ní Apòmù, ní Ìkirè, àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń dínkù lójoojúmọ́, ohun tí wọn kò bá sì sọ fún wa, kò sí ọjà tí a ti lè rà á.

Bí tòbí kan bá ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí nínú ilé yín, ẹ má ṣe fi nu ilẹ̀ o. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ sì wo inú àpò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ká a.